Amòkun kọ́, amòòkùn ni: lórí orúkọ àwọn tó ń wọ abẹ́ òkun

Ẹ̀yin ará mi nínú èdè, mo kí yín. Mo ti ka àbá tí arákùnrin wa fi ránṣẹ́ lórí bí a ó ṣe kọ ìkìlọ̀ fún àwọn ọkọ̀ apẹja àti àwọn tó ń wọ abẹ́ omi, tí wọ́n ń bá ara wọn fa wàhálà lẹ́bàá àwọn ibi tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má pẹja nínú òkun. Nínú àbá náà, ẹni tó ń wọ abẹ́ omi di "amòkun", ibi tí òfin dáàbò bò di "òkun ìdásí", ọ̀rọ̀ àsíá tí ọkọ̀ fi ń sọ pé èèyàn òun wà nísàlẹ̀ sì di "Amòkun ti wọlẹ̀". Mo mọ̀ pé ọkàn rere ni arákùnrin wa fi ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kí n sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí amòkun, nítorí òun ni ó dùn mí jù. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù. Bí a ti mú mọ̀ àti òfin tí ó di amòfin, tí a mú mọ̀ àti ọ̀nà tí ó di amọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè mú òkun, kí a pa fáwẹ̀lì mọ̀ jẹ, kí òkun sì dúró pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ìtumọ̀ ni ó bà á jẹ́. Amòfin ni ẹni tí òfin kò ṣókùnkùn sí. Amọ̀nà ni ẹni tí a ń tẹ̀ lé nítorí pé ó mọ ọ̀nà tí àwa kò mọ̀. Bí a bá wá pe ẹni tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n, tó wọ inú omi lọ fún wákàtí kan láti wo ẹja, ní amòkun, kí ni a ó pe ẹni tó ti ń jí lọ sójú òkun láti ìgbà èwe rẹ̀, tó ń wo ojú ọ̀run kí ó tó tú ọkọ̀, tó sì mọ ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà? Ìwé tí ó yẹ kí ó là wọ́n níjà ti dá ẹjọ́ fún apá kan kí ó tó dé ìlà kejì. Apẹja tó bá kà á yóò rí i pé a ti gba òkun lọ́wọ́ òun nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà pé òfin ti gbà á lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀. Bí a bá fẹ́ràn amòkun tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún onímọ̀ tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ nípa òkun.

Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé a kò ṣaláìní ọ̀rọ̀. Mòòkùn ni ọ̀rọ̀ wa, ẹni tó bá sì mòòkùn ni amòòkùn. Apẹja ni bàbá tó bí bàbá mi, mo sì ti bá a wọ ọkọ̀ nígbà tí n kò tíì lè di àjẹ̀ mú dáadáa. Ní ọjọ́ kan, àwọ̀n rẹ̀ há mọ́ kùkùté igi nísàlẹ̀ omi. Ó fà á títí, kò wá. Ó yíjú sí àbúrò bàbá mi, ó ní, "Mòòkùn, kí o lọ tú u." Àbúrò bàbá mi fa èémí sínú, ó sì wọ inú omi. Omi pa dé lórí rẹ̀, ìfóófòó díẹ̀ yọ, ni bàbá àgbà bá gbé àjẹ̀ lé orí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbi tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ títí ọmọ náà fi yọ ni, "Ẹ má wa ọkọ̀ títí yóò fi yọ." Ẹ fara balẹ̀ wò ó: ẹnu apẹja ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, apẹja ni ó mòòkùn, apẹja náà ni kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ rìn nígbà tí èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìhà méjèèjì jọ ni nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi èyí tí ọ̀kan nínú wọn nìkan ni rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan fèsì pé amòòkùn kò mọ́ létí, nítorí ibi tí gbogbo wa ti gbọ́ ọ ni "Amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò bá rí i, ti ọ̀run ń wò ó." Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni yóò ti dá ìjà sílẹ̀, torí àwọn apẹja kan gbà gbọ́ pé àwọn tó ń wọ abẹ́ omi ni wọ́n ń tú ìgèrè àwọn kó edé inú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, mo sì gbà pé ẹ̀sùn náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olè kò sí nínú òòkùn. Inú jalè ni olè wà. Bí a bá yọ jalè kúrò, ẹni tó kù ni ẹni tó wọ inú òkùnkùn, ìsàlẹ̀ òkun sì ṣókùnkùn. Àwọ̀ pupa ni ó kọ́kọ́ ń kú lójú ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, àwọn àwọ̀ yòókù a sì tẹ̀ lé e títí gbogbo nǹkan yóò fi di aláwọ̀ aró. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé èèyàn mòòkùn ti ṣí ojú sílẹ̀ nínú omi rí kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ìyá wa olùkọ́ ní tiwọn sọ pé ẹni tó bá dá èémí dúró nìkan ni ó mòòkùn, pé ẹni tó ń mí láti inú àgbá afẹ́fẹ́ kò mòòkùn rárá. N kò rò pé ó yẹ kí èyí dí wa lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí a fi àjẹ̀ wà lójú omi ni a kọ́kọ́ pè ní ọkọ̀. Nígbà tí ti ilẹ̀ dé, a fi orúkọ náà fún un, nígbà tí ti òfurufú dé, a tún fi fún un, kò sì sí ẹni tó béèrè pé àjẹ̀ rẹ̀ dà. Bí a bá fẹ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ pé amòòkùn alágbá.

Lórí àmì ohùn, ẹnìkan ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu, pé òǹkàwé yóò mọ̀. Kí ni yóò mọ̀? Òkun ni omi, okùn ni èyí tí a fi so ọkọ̀, okun ni agbára, òòkùn sì ni ibi tí ojú kò ti ríran. Ìwé ìkìlọ̀ etí òkun ni a ń kọ. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí "amokun" láìní àmì lè kà á sí amókùn, ẹni tó mú okùn lọ́wọ́, kò sì ní jẹ̀bi, nítorí amòòkùn mìíràn máa ń mú okùn tí ó so mọ́ ohun tó léfòó lókè orí rẹ̀.

Èyí tó lè pa èèyàn ni ti àsíá. Nínú àwọn àmì tí gbogbo ọkọ̀ òkun lágbàáyé ń lò, àsíá aláwọ̀ funfun àti aró ni ó dúró fún lẹ́tà A, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkọ̀ náà ní amòòkùn nísàlẹ̀, kí àwọn mìíràn jìnnà sí i dáadáa, kí wọ́n sì rọra. Òfin ìdènà ìforígbárí ọkọ̀ òkun ti 1972 sọ pé ọkọ̀ kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ́ omi gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ ní pátákó tí kò ní rọ̀, tí gíga rẹ̀ kò sì ní dín ní mítà 1. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, àsíá pupa tí ìlà funfun dábùú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Awakọ̀ tó bá rí i lójú gbalasa omi gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ bàtà 300 jìnnà sí i, bí ó bá sì di dandan kí ó sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má ṣe ju èyí tó ń ti ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Gbogbo èyí ni arákùnrin wa kó sínú "Amòkun ti wọlẹ̀". Ta ni ó ń wọlẹ̀ ní èdè wa? Ògún wọlẹ̀ ní Ìrè. Ẹni tó bá wọlẹ̀ kò padà mọ́, a kò sì ń dín eré ọkọ̀ kù nítorí ẹni tí kò ní padà.

Amòòkùn sì ń bọ̀ wá sókè, nígbà tó bá ń bọ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá mí afẹ́fẹ́ àgbá nísàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré gòkè kí ìfóófòó má baà yọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bíi mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì sábà máa ń dúró ní nǹkan bíi mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3. Ní gbogbo ìṣẹ́jú yẹn, ó ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ìró ń yára rìn nínú omi ju ìlọ́po mẹ́rin bí ó ti ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ, kò lè mọ̀ bóyá ọ̀tún ni ó ti ń bọ̀ tàbí òsì. Irin tó ń yí ní ìdí ọkọ̀ lè ti wà lórí rẹ̀ kí ó tó rí i. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lára àsíá gbọ́dọ̀ sọ pé alààyè ń bẹ nísàlẹ̀.

Ó ku òkun ìdásí. Arákùnrin wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ wo ibi tí ẹja jókòó sí nínú gbólóhùn: ẹni tó dá ẹja sí kò pa á, ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ ẹja ti ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ náà. Ìdásí tí a ń lò lójoojúmọ́ ti èkejì ni, ìwé ìkìlọ̀ tó bá sì pe ibẹ̀ ní òkun ìdásí ti sọ fún apẹja pé òkun tí àwọn àlejò wá dá sí ni. Àdásí ni kí a lò, òkun àdásí, bí àgbẹ̀ tó ń ṣán oko ṣe ń dá igi kan sí. Ní Cabo Pulmo ní Mẹ́síkò, tí wọ́n dá sí ní 1995, ìwọ̀n ẹja inú rẹ̀ fi ohun tó lé ní 460 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín 1999 sí 2009. Àwọn ìdílé apẹja ibẹ̀ ni wọ́n gbé àwọ̀n jù sílẹ̀, tí wọ́n wá ń fi ọkọ̀ wọn gbé àwọn amòòkùn. Ní Goat Island ní New Zealand, tí wọ́n dá sí ní 1975, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn apẹja edé ńlá fi ń dẹ ìgèrè wọn sí etí ààlà gan-an, nítorí ohun tí a dá sí a máa rìn jáde. Ẹja kò mọ ààlà. Etí ààlà bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ àti amòòkùn ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni ìkìlọ̀ wa yóò wà.

Ẹ̀gbọ́n tún dá òkun ọba lábàá, nítorí igbó ọba. N kò tíì gbà, nítorí pé ohun tó bá jẹ́ ti ọba, kì í ṣe tiwa láti dá sí. Mo mọ̀ pé wọn kò ní gbà fún mi bọ̀rọ̀, mo sì ń retí èsì wọn.

Báyìí ni mo ṣe kọ ìkìlọ̀ náà: "Òkun àdásí bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá rí àsíá yìí, amòòkùn ń bẹ lábẹ́ omi, ó sì ń bọ̀ wá sókè: ẹ jìnnà, ẹ rọra. Ẹ̀yin amòòkùn, ẹ gbé àsíá yín sókè kí ẹ tó wọ omi. Ẹ má fọwọ́ kan àwọ̀n àti ìgèrè ẹlòmíràn." Mo fẹ́ fi "títí yóò fi yọ" sí ìdí gbólóhùn ti awakọ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá yọ nìkan tó, tàbí kí n kọ ọ́ ní yọrí. Yọ ni bàbá àgbà sọ.