Bíréèkì bọ́ọ̀sì táa sọ di ilé gbóná títí ó fi ń rú èéfín, ṣé a lè gbé e dé Lọ́kọ́ja?

Tíṣà Àgbà
Ọ̀kún o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá o, ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró dọ̀la. Èmi àti ìyàwó mi la wà lójú ọ̀nà láti Adó-Èkìtì, Lọ́kọ́ja là ń lọ, ọ̀dọ̀ ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bọ́ọ̀sì Volkswagen LT35 onídísù la gbé, èyí táa ti yọ gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀ táa sọ ọ́ di ilé, bẹ́ẹ̀dì wà ńbẹ̀, sítóòfù gáàsì wà ńbẹ̀, táǹkì omi 300 lítà, jẹnẹrétọ̀, fíríìjì, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù tí kápẹ́ńtà fi pákó líle kàn sí i lọ́tùn-ún lósì.

Látìgbà táa ti kúrò ní Ọmùò la ti ń gun òkè tí à ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ọ̀nà yẹn. Jíà kẹrin ni mo fi ń sọ̀ torí mo fẹ́ ká dé Kabba kílẹ̀ tó ṣú, mo wá gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì, mi ò gbé e kúrò títí táa fi ń dé ìsàlẹ̀. Ó ku díẹ̀ ká wọ Iyamoye ni ìyàwó mi ní òun ń gbóòórùn bí ìgbà tí wọ́n ń sun rọ́bà, kí n tó dá a lóhùn ẹsẹ̀ mi ti rì, bíréèkì rọ̀ bíi fùfú tí ò jiná, ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ léraléra ló tó mú díẹ̀. Mo wọ jíà kejì, a rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èéfín ń jáde ní táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo nawọ́ sún mọ́ ọn, mi ò tíì kàn án tí ooru ẹ̀ fi lé ọwọ́ mi padà. Ti òsì gbóná lóòótọ́ àmọ́ kò tó ìdajì èyí. Àwọn tẹ̀yìn kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Ní báyìí a ti dúró ju wákàtí kan lọ, mo tẹ bíréèkì, ó tún ti le bíi tàtẹ̀yìnwá. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ní ó ti tutù, ká máa lọ. Ẹlòmíì ní ká da omi lé e. Ìyàwó mi ní òun ò ní padà wọlé sínú ẹ̀ àyàfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀. Ṣé ẹrù ló pọ̀ jù ni àbí bíréèkì ló bàjẹ́? Ṣé a lè gbé e dé Kabba, ká tún tibẹ̀ dé Lọ́kọ́ja?

Ọmọ Ìyàrá
Bàbá ẹ kú ewu o, ẹ̀yin àti màmá. Ẹ má da omi kankan lé e! Irin ni dísìkì bíréèkì, àwo tó ń bá táyà yí tí bíréèkì máa ń fún mú, irin gbígbóná tó bá pàdé omi tútù lè sán tàbí kó wọ́, tó bá sì ti wọ́, ṣe ni sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbàkigbà tẹ́ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ fi òkúta ńlá dí táyà níwá lẹ́yìn, ẹ fi mọ́tò sínú jíà, ẹ lọ pa gáàsì yẹn látorí sílíńdà ẹ̀ gan-an kì í ṣe lórí sítóòfù nìkan, kẹ́ẹ sì gbé fáyà ẹsitíńgúíṣà síbi tọ́wọ́ yín á ti tó o. Tí táyà bá gbóná débi tó ń rú èéfín, ó lè gbiná lẹ́yìn tẹ́ẹ ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì lè bú, nítorí náà kí màmá má jókòó sítòsí ẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ tẹnu mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sùn sí ẹ̀bá títì lórúkọ pé bẹ́ẹ̀dì wà nínú mọ́tò. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí nísinsìnyí. Ẹ wọ inú Iyamoye lọ, ẹ wá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iwájú àgọ́ ọlọ́pàá tí èèyàn wà. Nọ́ḿbà róòdù séfútì ni 122, ọ̀fẹ́ ni.

Mẹkáníìkì Owé
Ẹ kú ìrìn sà. Kabba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bíréèkì àti ìsàlẹ̀ mọ́tò ni iṣẹ́ mi. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pò ó pọ̀ mọ́ yín lójú.

Àkọ́kọ́ ni bó ṣe rọ̀ tí ẹsẹ̀ yín rì. Ọ́ìlì bíréèkì yín ló hó. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ tilẹ̀ dé ìdérí ẹ̀ pinpin. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun kì í hó títí yóò fi dé bíi 205°C, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi sára, 140°C ti tó o. DOT 4 tuntun ń lọ dé 230, èyí tó ti fa omi ń já sí 155. Ìdí nìyẹn táa fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ ní ọdún méjì méjì, wọn ò ní gbọ́, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni wọ́n mọ̀. Tó bá ti hó, atẹ́gùn gbígbóná ló máa wà nínú páìpù, ẹ sì mọ̀ pé atẹ́gùn ń sún kì, ọ́ìlì kì í sún kì. Tẹ́ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn yẹn lẹ̀ ń fún pọ̀, kì í ṣe pádì tó yẹ kó fún dísìkì mú. Tó bá tutù, yóò padà di ọ́ìlì, bíréèkì á le, èèyàn á ní ó ti dáa. Kò dáa o sà. Òkè tó tẹ̀ lé e ni yóò tún ti ṣe é, kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. (Tó bá jẹ́ pé ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín àmọ́ tí mọ́tò ò dúró, a jẹ́ pé pádì ló jóná lójú tó ń yọ̀, ìyẹn yàtọ̀.)

Ìkejì ni èyí tó ká mi lára jù, pé ọ̀tún gbóná ju òsì lọ tó báyẹn. Òkè ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Tó bá jẹ́ ẹrù àti ẹsẹ̀ yín nìkan ni, méjèèjì ì bá gbóná bákan náà. Nǹkan ń di ti ọ̀tún mú, ó sì ti ń dì í mú tipẹ́ kẹ́ẹ tó dé orí òkè. Ó lè jẹ́ písítìnì kálípà, ìyẹn irin tó gbé pádì dání tó ń tì í mọ́ dísìkì, ló dípẹtà, ó lè jẹ́ àwọn pínnì tí kálípà fi ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ ló gbẹ gíríìsì, ó lè jẹ́ họ́òsì. Họ́òsì rọ́bà tó ti gbó máa ń wú nínú, ẹ ò ní rí nǹkan kan lóde. Tẹ́ẹ bá tẹ bíréèkì agbára ẹsẹ̀ yín á ti ọ́ìlì kọjá, àmọ́ tẹ́ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò kò ní lè padà, pádì á wá wà lára dísìkì lọ ràì. Bẹ́ríńgì tó ń kú lọ náà máa ń gbóná báyìí, àmọ́ ìyẹn sábà máa ń ké.

Béèyàn ṣe ń dá a mọ̀ rèé. Gbé e sórí jáàkì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tẹ bíréèkì, jù ú sílẹ̀, yí táyà. Tó bá di, tú nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn kálípà yẹn. Tí ọ́ìlì bá ta jáde tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́, kálípà ò lẹ́bi, ibi tí ọ́ìlì ń gbà wá sídìí kálípà ni wàhálà wà, họ́òsì ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ṣì di síbẹ̀, kálípà ni. Àwọn kan á kàn ra kálípà tòkunbọ̀ fún yín láìwò ó, owó yín á lọ, mọ́tò á tún gbóná.

Lọ́kọ́ja kọ́ ló kàn. Kí táyà kọ́kọ́ tutù pátápátá, kẹ́ẹ wo ọ́ìlì nínú rọ́bà ẹ̀ bóyá ó dín, kẹ́ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó ń jò. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì kẹ́ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń rì, ẹ má gbé e. Tó bá dúró, ẹ wọ inú ìlú ní jíà kìíní àti kejì láìfi bẹ́ẹ̀ kan bíréèkì, kẹ́ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ẹ wo táyà ọ̀tún. Bó bá tún gbóná láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, kó dúró síbẹ̀, ìdí mọ́tò la ó wá bá a.

Ọ̀dọ́ Mọ̀pà
Èmi máa ń da omi lé tèmi o, ó ti tó ọdún mẹ́ta, kò sán. Tí mo bá sì ti dé orí òkè mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí dísù má baà lọ lófò, ó ń sọ̀ fúnra ẹ̀ náà ni.

Dírẹ́bà Obajana
Àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Ọlọ́run, dá a dúró. Bíréèkì LT àti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ní bọ́ọ̀sítà, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, tí ẹ́ńjìnnì ń bá fa atẹ́gùn ẹ̀. Tóo bá pa ẹ́ńjìnnì, ìtẹ̀ méjì mẹ́ta ló kù fún ẹ, lẹ́yìn náà bíréèkì á le bí òkúta, èyí tó bá sì jẹ́ pé sítíárìn ẹ̀ ń lo ẹ́ńjìnnì, ìyẹn náà á wúwo. Mo ti rí ibi tí èyí ń parí sí, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ.

Tíṣà, ọmọ yín ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Tírélà ni mò ń wà, sìmẹ́ńtì ni mò ń kó. Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́kọ́ fi hàn mí ni pé jíà tóo bá máa fi gun òkè kan, òun náà ni kóo fi sọ̀ ọ́, kóo sì wọ̀ ọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe nígbà tí mọ́tò ti ń sáré tán. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ké, kò sí ohun tó ń ṣe é. Bíréèkì wà fún kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí eré já wálẹ̀, kẹ́ẹ sì jù ú sílẹ̀ pátápátá kó lè mí. Èyí tẹ́ẹ ṣe yẹn, tí ẹsẹ̀ kàn wà lórí ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, òun ló ń pa á.

Ẹ wò ó báyìí, bọ́ọ̀sì tó wọn 3,500 kílò tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní òkè tó ga ní mítà 100, tó jẹ́ pé bíréèkì nìkan ló dì í mú, ooru tó máa jáde lára bíréèkì yẹn tó èyí tó lè mú omi lítà mẹ́wàá hó. Mítà 100 péré o. Ẹ wá ka iye irú ẹ̀ tó wà láàrin Ọmùò sí Kabba.

Màmá Olóńjẹ
Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ọ̀nà, ẹ bá mi kí ìyàwó yín, wọ́n ṣe dáadáa tí wọn ò wọlé. Èmi náà ní bọ́ọ̀sì tí mo fi ń gbé oúnjẹ káàkiri láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, mo sì ti jìyà ẹrù rí. LT35 yẹn, 35 inú orúkọ ẹ̀ ni 3.5 tọ́ọ̀nù, àpapọ̀ mọ́tò àti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan. Omi inú táǹkì yẹn nìkan ti jẹ́ 300 kílò, bí ẹni gbé àgbàlagbà mẹ́rin sí i. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀, fíríìjì, sílíńdà, pákó líle àti iṣu tẹ́ẹ ń gbé lọ fún ọmọ yín kún un, mo mọ̀ pé iṣu wà níbẹ̀! Ẹ tú omi yẹn dànù, gbogbo ẹ̀, ẹ má fi ìdajì sílẹ̀, torí tí omi bá dé ìdajì á máa bì síwájú nígbàkigbà tẹ́ẹ bá tẹ bíréèkì. Omi wà ní Lọ́kọ́ja.

Tíṣà Àgbà
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi gan-an. A tú omi, a rọra wọ inú Iyamoye ní jíà kìíní, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan la sùn sí, àwọn ará ibẹ̀ ṣe wá dáadáa. Mi ò tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, síbẹ̀ táyà ọ̀tún ti ń gbóná padà, bí Mẹkáníìkì ṣe wí gẹ́lẹ́, nítorí náà mi ò gbé e kúrò. Òun náà ló wá bá wa láàárọ̀. Ó gbé e sórí jáàkì, táyà ò yí. Ó tú nọ́ọ̀tì yẹn, ọ́ìlì ta fíín, ó dúdú bíi Kóka-Kólà, táyà sì yí lójú mi. Họ́òsì ni. Ó gé e sí méjì kí n lè rí i, inú ẹ̀ ti wú débi pé abẹ́rẹ́ ni ì bá kọjá ńbẹ̀. Ó pààrọ̀ họ́òsì iwájú méjèèjì, ó yọ pádì tójú ẹ̀ ti ń dán bíi díńgí, ó fi tuntun sí i, ó fi gíríìsì sí àwọn pínnì, ó fa gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ jáde, ó da DOT 4 sí i.

A ti kúrò ní Kabba báyìí, Obajana ni mo ti ń kọ èyí. Jíà kejì ni mo fi ń sọ àwọn òkè, àwọn tó wà lẹ́yìn fun fèrè títí, mo jẹ́ kí wọ́n máa kọjá. Nígbà táa dúró, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí táyà ọ̀tún, ó lọ nawọ́ sí tòsì, ó tún padà wá sí tọ̀tún. Ó ní méjèèjì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà. Ó wá wọlé, ó jókòó.