Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí wọ́n ní kó fo kíláàsì

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Àbọ̀ rèé o. Mo bèèrè bóyá kí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fo Pámárì Fáìfù bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́, àbí kó ṣe ìdánwò NECO fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ọlọ́pọlọ pípé ní Suleja.

Ẹni tó ní ká kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ saikọ́lọ́jíìsì (onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá) ló là mí lọ́yẹ̀ jù. Ìdánwò WISC, èyí tí wọ́n fi ń wọn làákàyè ọmọdé, ni wọ́n ṣe fún un. Ìrònú rẹ̀ ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò yá ju tiwọn lọ. Ohun tí mò ń rí nílé gan-an nìyẹn: á ti rí ìdáhùn ìṣirò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mú bírò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó da nóòtì kọ, á máa na ìka, á máa mí kanlẹ̀. Nóòtì ló sì kún Pámárì Síìsì.

Nítorí náà, kò fo kíláàsì. Ìṣirò nìkan ló ń bá Pámárì Síìsì ṣe. Tíṣà rẹ̀ gbà tayọ̀tayọ̀, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ó máa ṣe ìdánwò Suleja náà, bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ọ̀nà jìn sí Ìbàdàn, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ lórí bọ́dìn. Bó bá yege, òun fúnra rẹ̀ la máa bi. Mo pa ìbéèrè mi dé síbí.