Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: dátà sẹ́ńtà wo ni ká gbé sáfà wa sí?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ méjì tó ní dátà sẹ́ńtà, ìyẹn ilé tí wọ́n ń tọ́jú sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì) sí, ló wà níwájú wa. Èkíní ṣèlérí pé sáfà á máa ṣiṣẹ́ fún 99.9% àkókò, ìyẹn ni pé sáfà lè kú fún nǹkan bíi wákàtí 9 lọ́dún láì yẹ àdéhùn. Èkejì ní Tier III làwọn (ìpele tí wọ́n ti lè tún ẹ̀rọ ṣe láì pa sáfà), àmọ́ inú ilé kan náà tí sáfà wà ni wọ́n ń tọ́jú backup (ẹ̀dà ìpamọ́ dátà) sí. Èyí ló ń kọ mí lóminú: nígbà tí iná jó dátà sẹ́ńtà ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 2021, àwọn oníbàárà kan pàdánù sáìtì àti backup pọ̀. RAID (pípín dátà sórí díìsì púpọ̀ nínú sáfà kan, kí ọ̀kan tó bàjẹ́ má bàa ba dátà jẹ́) ò sì gbani lọ́wọ́ iná.

Ṣé kí n mú èkejì, kí n máa fi rsync (ètò tó ń da fáìlì kọ láti sáfà kan sí òmíràn) gbé ẹ̀dà kan lọ síbòmíràn lálaalẹ́? Jẹnẹrétọ̀ wọn ńkọ́: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ń fi ẹrù gidi (iná tí àwọn sáfà ń lò gan-an) dán an wò, àbí wọ́n kàn ń tan ẹ̀rọ náà lásán?