Ẹ gbà mí o! BMI ẹni odindi ti di e-05

Àbúrò Leicester
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Àárọ̀ ọ̀la ni dissertation mi gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó wọn 70 kg, tó ga ní 170 cm, R, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò, ní BMI rẹ̀ (ìwọ̀n ìwúwo sí gíga) jẹ́ `4.117647e-05`, ìyẹn 0.00004117647. Ṣé èèrà ni? Ohun tí mo kọ nìyí: `weight/height/100^2`. Ìkejì, kọ́lọ́ọ̀mù owó oṣù ò gbà kí n pín in rárá, ó ń pariwo `non-numeric argument to binary operator`. Àyà mi ń já.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Fara balẹ̀, ọmọ ìyá. `^` ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, 100 rẹ ti di 10000. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń pín láti òsì lọ. Fi bracket sí i: `weight/(height/100)^2`.

Bọ̀ọ̀dá Houston
Èmi kọ `1:n-1` nínú loop (àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ kan léraléra) nígbà kan, mo rò pé yóò ka 1 dé n-1. Àṣé láti 0 ló ti ń kà bọ̀, torí `:` ṣáájú ìyọkúrò. Contract yẹn ò padà sọ́wọ́ mi mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Manchester
Ẹ̀gbọ́n, tiyín kéré. Iye aláìsàn oṣù 12 ni mo fi iye bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù 4 pín. R ò sọ nǹkan kan! Ó kàn ń tún mẹ́rin yẹn lò títí ó fi dé 12. Ọ̀gá mi ti gbé e dé mítìn. Èké ni R.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Èké kọ́, ìwọ ni o ò wo `length()`, tó ń sọ iye nǹkan tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní 5 ni, tí kò pín 12 dọ́gba, ì bá kìlọ̀ fún ọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Manchester
Ẹ̀hẹ́n, Àǹtí! Kí ló dé tó fi ń kìlọ̀ fún 5, tó ń dákẹ́ fún 4?

Dókítà Toronto
Bí kò bá tún nǹkan lò, `x*2` gan-an ò ní ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Manchester
Ẹyọ kan ni 2, Dókítà. Ìyẹn dáa. Tibble, irú tábìlì kan nínú R, gan-an, ẹyọ kan nìkan ló ń gbà kó tún lò. NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò ti èdè Python, ì bá ti lé mi padà.

Dókítà Toronto
Kó o máa bá NumPy lọ nìyẹn. Àbúrò, tó bá jẹ́ Excel lo ti ń bọ̀, ṣọ́ra: `-2^2` jẹ́ 4 níbẹ̀, -4 ni R máa fún ọ.

Bọ̀ọ̀dá Houston
Ẹ fi ará Manchester sílẹ̀, òjò ti wọ̀ ọ́ lórí.

Ọmọ Ìbàdàn ní Manchester
Houston tí ooru ń sè yín lójú pópó? Ẹ tiẹ̀ rí àmàlà jẹ?

Bọ̀ọ̀dá Houston
Wá sí Bissonnet kó o wá wò ó! Àbùlà, ògúnfe, ṣàkì.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Kò tó ti Rye Lane.

Dókítà Toronto
Yìnyín dí ilẹ̀kùn mi pa, ẹ̀yin ń dárúkọ àbùlà lóru. Ẹ ò láàánú. Bódìjà ń pè mí.

Àbúrò Leicester
24.22145! Mo dọ̀bálẹ̀, Ìyá Ìbejì. Owó oṣù ńkọ́, mà?

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ṣé kọ́mà wà níbẹ̀, bíi `1,250`? Ọ̀rọ̀ ni R kà á sí nìyẹn.

Àbúrò Leicester
Kọ́mà wà, àmì pọ́n-ùn wà, àwọn kan tiẹ̀ kọ “mi ò mọ̀”. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀ọ̀dá Houston
Ìyá Ìbejì, ewédú Rye Lane yẹn, ṣé tútù ni àbí ti inú fìríìsà?