Omi Gbígbóná Lẹ́sẹ̀ Mẹláínà

Ẹ̀yin ará, lórí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti igi inú oko, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wà nínú ẹ̀.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí bàbá mi gba oko nínú igbó ọba. Irú oko bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń gbin oúnjẹ pọ̀ mọ́ igi ìjọba, taungya ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Burma lorúkọ náà ti wá. Sapoba nílẹ̀ Ìbíní ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, lọ́dún 1927. Àgbẹ̀ á ṣán igbó, á gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ìjọba á kó ọmọ igi mẹláínà wá, wọ́n á gbìn ín sáàárín. Bí èèyàn ṣe ń roko ẹ̀gẹ́ ẹ̀, ló ń bá ìjọba roko igi. Kòkó ò gbọdọ̀ débẹ̀, torí ẹni tó bá gbin kòkó ò ní fẹ́ lọ mọ́. Bó bá fi máa di ọdún kẹta, ẹ̀ka igi ti pàdé lókè, ìbòòji ti bo ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ ò ta mọ́, àgbẹ̀ á palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tó máa lé wọn lọ gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tọ́jú.

Lọ́dún kejì, mo bá ìyá mi tó ń gbé omi kaná láhéré kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkàn mi ti wà lára ẹ̀bà. Ó gbé e kọjá mi, ó lọ ń dà á sẹ́sẹ̀ mẹláínà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì péré, èyí tó jìnnà sọ́nà. Àwọn igi yẹn ò wó; ewé wọn kàn ń pọ́n, wọ́n ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ igbó dé, bàbá mi ní ikán ni. Ọkùnrin yẹn fẹsẹ̀ tú ilẹ̀, kò rí ikán kankan. Iṣu mẹ́ta ló gbé lọ.

Mi ò lè dá àwọn òbí mi lẹ́bi tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé gẹdú yẹn, kọ́bọ̀ ò ní kàn wọ́n níbẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí o. Tiwa yàtọ̀. Ilẹ̀ ẹbí la fi sílẹ̀, tí arère ń hù níbẹ̀ fúnra ẹ̀, àwọn ìyá ló sì ń ṣọ́ ọ. Ewé eéran tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́kọ, abẹ́ ìbòòji ló ti ń dáa; ìgbín náà ò fẹ́ oòrùn. Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi gbé ẹ̀rọ agégi wọbẹ̀. Kó tó kan igi kejì, ìyá mẹ́fà ti yí i ká, ìyàwó ẹ̀ wà nínú wọn. Wọ́n gba ẹ̀rọ yẹn. Ọdún kẹta rèé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹgbẹ́ ló ṣì wà.