Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ITO ni kí n lò ni, àbí GST?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú ìmọ̀ físíìsì, mo kí yín o. Iṣẹ́ Masters mi dá lórí metasurface, ìyẹn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n to àwọn nǹkan tó kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ sí lára, láti fi darí ìmọ́lẹ̀. Irú èyí tí ìwà rẹ̀ ń yí padà wéré bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀ ló wù mí. Ohun èlò méjì ni mo ń wò láti fi ṣe é: ITO (indium tin oxide, ohun tó ń gbé iná mànàmáná, tí a sì lè rí òdìkejì rẹ̀) àti GST (àdàlù germanium, antimony àti tellurium, tí ooru lè yí ipò rẹ̀ padà).

Iṣẹ́ tí Riccardo Sapienza àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Imperial College London, tó jáde lọ́dún 2023, ló fà mí wọ̀ ọ́. Dípò ojú ihò méjì tí Thomas Young lò láti fi hàn pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi lésà mú kí ITO dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, láìpẹ́ síra wọn. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà pín sí ìlà-ìlà. Bí ìgbà méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó, bẹ́ẹ̀ làwọn ìlà náà ń sún mọ́ra. Ó yà mí lẹ́nu gan-an!

ITO yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ mì, lésà alágbára ló sì ń fẹ́. Ní ti GST, ipò tí a bá fi í sí ló máa wà bí a tilẹ̀ paná, àmọ́ kò yára tó ITO. Kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ní. Èwo ni kí n mú? Ẹni tó bá ti fi FDTD (ọ̀nà tí a fi ń ṣírò ìrìn ìmọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Drude (ìṣirò bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ohun èlò ṣe ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀) tí plasma frequency rẹ̀ (ìwọ̀n ìgbọ̀n àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà) ń yí padà ti tó?