Báwo lẹ ṣe ń mú ọmọ SS2 kọ ewì tó jẹ́ tiwọn ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì?

Tíṣà Òkè-Ògùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìsẹ́yìn ni mo wà, ilé-ìwé ìjọba, mo ń kọ́ SS2 ní Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀. Àwọn ọmọ inú kíláàsì mi lé ní àádọ́rin, ìwé ewì tó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn kò sì pé ogún. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó ń dùn mí ni pé nígbàkígbà tí mo bá ní kí wọ́n kọ ewì, nǹkan kan náà ni mo máa ń kó relé láti máàkì: òṣùpá tó ń tàn, òdòdó róòsì, yìnyín tó bo òrùlé. Yìnyín, ní Ìsẹ́yìn! Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó kọ ọ́ yìí, tó bá ti kúrò nílé-ìwé, ìdí òfì ló ń lọ jókòó sí. Ó mọ sányán yàtọ̀ sí àlàárì láti òkèèrè. Ẹyọ fọ́nrán òwú kan kò sí nínú ewì rẹ̀.

Ìparí ìlà wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba dandan: "day, play, way, say". Àwọn tó ní fóònù sì ti ń ní kí AI bá wọn kọ ọ́. Mo máa ń dá a mọ̀, torí kò ní àṣìṣe gírámà kankan, kò sì ní èèyàn kankan nínú.

HOD mi (olórí ẹ̀ka wa) ti ní kí n yéé fi àkókò ṣòfò, pé WAEC kì í ní kí ọmọ kọ ewì. Ẹ gbà mí o.

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ Èkìtì ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ba aṣọ jẹ́.

Ẹ má tíì dárúkọ ewì fún wọn rárá. Ẹ wọlé, kí ẹ ké "Àlọ́ o!" Àwọn tó ń sùn lẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ dáhùn "Àlọ̀!" Ẹ pa á: "Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Wọ́n á pariwo pé orógùn ni. Kí ẹ wá ní kí oníkálukú fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiẹ̀ nípa nǹkan kan tó wà nílé wọn, ìlà mẹ́ta péré, kò gbọdọ̀ dárúkọ nǹkan náà. Kí ó kà á, kí àwọn yòókù máa méfò. Èyí tí gbogbo kíláàsì bá mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ti rọrùn jù. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ rárá, onítọ̀hún ti fi nǹkan pamọ́ jù. Kí àwọn méjèèjì lọ tún un kọ.

Ọmọbìnrin kan nígbà kan kọ èyí (Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, èmi ni mo ń yí i padà):

Ọkọ kejì ìyá mi
a máa pariwo kí ilẹ̀ tó mọ́,
a máa tutọ́ pupa sí ìró wọn.

Wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ti méfò títí, kó tó yé ẹnì kan pé ẹ̀rọ ìlọta ni. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ orúkọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ (metaphor, kí a pe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn) sí bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ náà ni wọ́n á há sórí.

Ní ti ìparí ìlà tó dọ́gba, ẹ bi wọ́n pé níbo ni "day" àti "play" wà nínú "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì". Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn ló yí padà, ó sì dùn létí. Ewì Niyi Ọ̀ṣúndáre nípa àwọn ẹranko tó ń du ipò olórí, tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì WAEC ti 2021 sí 2025, ìlà méjì-méjì ni. Ẹ pín ẹranko fún wọn, kí wọ́n kà á sókè bí ẹni ń jà. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni Ọ̀ṣúndáre, ẹ ó sì gbọ́ ilé nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn.

Olùmáàkì

Bàbá, èyí dùn, àmọ́ HOD yẹn náà ní ẹjọ́ láti rò. Òótọ́ ni pé kò sí ibi tí WAEC ti ní kí ọmọ kọ ewì. Ẹ fi ìwé ìdánwò dá a lóhùn. Máàkì àádọ́ta ni àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 10 fún sípẹ́lì àti àmì. Ìlò èdè nìkan gba 20. Wọ́n sì sábà máa ń bi wọ́n ní ìtàn tó máa fi òwe kan hàn. Àwọn ọmọ wa ti há ìtàn kan sórí, òwúrọ̀ Sátidé tí ẹyẹ ń kọrin, wọ́n sì ń rọ ọ́ mọ́ gbogbo òwe. Ọmọ tó lè fi ìlà mẹ́ta ya ẹ̀rọ ata, ibi tó ti máa rí 20 yẹn nìyẹn. Ẹ lo pírọ́ọ̀dù ìkẹyìn ọjọ́ Ẹtì. Ẹnikẹ́ni kì í du ìyẹn mọ́ yín lọ́wọ́.

Àǹtí Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, àìsàn yín ń ṣe wá níhìn-ín náà. Nínú GCSE Gẹ̀ẹ́sì (ìdánwò àwọn ọmọ girama níhìn-ín) tí àjọ AQA ń ṣe, ìbéèrè karùn-ún ní Pépà Kìíní jẹ́ máàkì 40 fún ìtàn tàbí àpèjúwe. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń kọ ọ́ nípa Emily tó ń gbé ní abúlé. Mo ka ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá léèwọ̀ sí ara ògiri: ọkàn, àlá, omijé, òṣùpá àti àwọn ẹbí wọn. Ẹni tó bá lò ó á wá nǹkan tí èèyàn lè fọwọ́ kàn rọ́pò rẹ̀.

Nípa àádọ́rin ìwé, ẹ má ṣàtúnṣe gírámà nígbà àkọ́kọ́. Ẹ fi bírò yí ìlà kan ṣoṣo tó láàyè ká, kí ẹ dá a padà. Ọmọ á mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe.

Tíṣà Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pa àlọ́ náà. VP (igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé) gbọ́ ariwo, wọ́n wá bi mí lójú fèrèsé pé ta ló ń sọ Yorùbá ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ọmọkùnrin kan ka tirẹ̀ fún wọn: àgbàlagbà kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fa okùn nífun kó tó bú sẹ́kún, tí iná á sì tàn. VP ní jẹnẹrétọ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ.

Ìṣòro tuntun rèé. Mo fẹ́ lẹ èyí tó dára mọ́ ògiri. Èyí tó dára jù, ìgò ni, àmọ́ bàbá tó ń mu nínú ìgò náà ló wà níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n lẹ̀ ẹ́?

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì

Ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ pe ọmọ náà sẹ́yìn, kí ẹ sọ fún un pé tirẹ̀ ló dára jù, kí ẹ sì bi í ibi tó fẹ́ kó wà. Bó bá ní kí ẹ bá òun tọ́jú rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé, ẹ má fi sí ọ́fíìsì. Kí ẹ sì béèrè bí nǹkan ṣe rí nílé wọn.